Ta ló kú? Èsì mi lórí “eré àjíǹde”

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti gbé “eré àjíǹde” kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún àwọn géèmù Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí à ń mú dání, tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ń dá padà sórí Switch, ẹ̀rọ géèmù wọn tó dé lẹ́yìn náà, fún àwọn tó bá san àsansílẹ̀. Àwọn kan ti gbà á wọlé, ẹnì kan tilẹ̀ ti fẹ́ kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, n kò sì rí ẹni tó wo ilé yìí kó tó sọ ọ́.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló kú? Ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2023 ni eré Game Boy kọ́kọ́ dé orí Nintendo Switch Online, ètò àsansílẹ̀ tí mo ń wí yìí. Metroid II wà nínú àwọn àkọ́dé, Kirby's Dream Land náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn eré méjèèjì ṣì wà lórí àtẹ ní ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣí fún 3DS, ẹ̀rọ wọn kan tó ṣáájú Switch. Èèyàn á sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún náà ni wọ́n dáwọ́ títà dúró ní ìsọ̀ ọ̀hún. Kò tó oṣù méjì síra wọn! Títà ni wọ́n pa tì, yíyá ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá wá pe ìyẹn ní àjíǹde ti fi orúkọ ayọ̀ bo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyí. Èdè wa kì í ṣe ohun tí à ń fi polówó ọjà fún ọlọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n wa fèsì pé ara eré ló kú, pé ẹ̀mí rẹ̀ ló wọ ara tuntun. Ara wo? Ẹ̀rọ Game Boy tí Gunpei Yokoi àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1989, bátìrì mẹ́rin ló ń jẹ, ojú rẹ̀ rí bí ewé gbígbẹ, kò ní iná tirẹ̀ nínú, ẹni tó ń fi í ṣeré ní láti yíjú sí ìmọ́lẹ̀ kó tó ríran. Òun àti Game Boy Color tó tẹ̀ lé e tà ju mílíọ̀nù 118 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ohun tó sábà máa ń kú ni bátìrì kékeré inú páálí eré (ike tí à ń kì bọ inú ẹ̀rọ), èyí tó ń tọ́jú ibi tí èèyàn bá eré dé. Bátìrì lè kú kí eré má kú. Ohun tó wà nínú Switch ni ètò tó ń fara wé ẹ̀rọ àtijọ́, tó ń tan eré náà jẹ pé inú ilé rẹ̀ ló ṣì wà. Kódà, èèyàn lè ní kí ojú rẹ̀ ṣe aláwọ̀ ewé bíi ti àkọ́kọ́. Àfarawé ni. Ẹni tí a ń fara wé kò jí.

Ní ti ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí bí a ṣe dá ọ̀rọ̀ àjíǹde fúnra rẹ̀, olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì ní jí àti dìde ló wà níbẹ̀, àbúrò wa kan ní jí àti dé ni. Olùkọ́ ni mo gbè. Ohùn òkè ló wà lórí dé, ohùn àárín sì ni àjíǹde fi parí. Ohùn ìsàlẹ̀ tó jókòó sórí ǹ, tí ì inú dìde ni. Àbúrò ò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohùn ò já mọ́ nǹkan kan. Àmọ́ kí olùkọ́ náà sọ ibi tí aránmú ọ̀hún, ìyẹn ǹ, ti wọlé fún wa. “Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe ń pè é” kò tíì tó. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Èyí tí èmi gbé wá ni “eré àgbàta”: eré tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì láti ta, bí a ṣe ń ta ayò. Àwọn àgbà tó kọ́ wa ní ìsọdorúkọ, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ ìṣe dá ọ̀rọ̀ orúkọ, kì í sọ ohun tí wọn ò tíì rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórúkọ, wọ́n sì ti fi ọ̀nà yìí lélẹ̀ fún wa: àgbàtọ́, àgbàbọ̀, àgbàwí. Nínú gbogbo wọn, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni, ẹlòmíì ló ni ín. Eré yìí náà rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá dáwọ́ owó dúró, gbogbo rẹ̀ á tì. Bí o tiẹ̀ ń san án, tí ẹ̀rọ rẹ bá pẹ́ ju ọjọ́ 7 lọ láì kan íntánẹ́ẹ̀tì, eré ò ní ṣí àfi tó bá tún kàn án. Tó o bá fẹ́ ti Game Boy Advance, ẹ̀rọ ọdún 2001, àsansílẹ̀ tó tóbi jù ni wàá san. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Kí orúkọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé tó ń ta á, kó má rò pé ó ti ní in.

Ẹnì kan ní àwọn èèyàn á kà á sí àgbàtà, bí alágbàtà. Ta, bíi ti ta ayò, ohùn àárín. Tà, bíi ti títà ọjà, ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìsí àmì ni kó tún ìwé rẹ̀ kọ, kó má dá ọ̀rọ̀ lẹ́bi. Ẹni náà gan-an ló ń kọ “ere” káàkiri, n kò sì mọ̀ bóyá eré ni, èrè ni, tàbí ère. Àgbàtà pàápàá ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀: Gargoyle's Quest tó wà nínú àwọn àkọ́dé, ilé-iṣẹ́ mìíràn, Capcom, ló ṣe é, Nintendo kàn ń gbé e fúnni ni. Nínú ẹyọ eré yẹn, ilé-iṣẹ́ wà nídìí àgbàtà, èmi wà nídìí àgbàta, ohùn kan ṣoṣo ló sì là wá láàárín.

“Eré àtẹ́lẹwọ́” tí wọ́n tún dá lábàá fún eré orí ẹ̀rọ tí à ń mú dání, kò yẹ ká tún máa fà á. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ta á, alágbèéká sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ lẹ́nu gbogbo ayé.

Kí ẹ tó kọ àjíǹde sínú àkójọ, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa dá mi lóhùn: lọ́jọ́ tí owó ẹnì kan bá tán, tí eré tí wọ́n ní ó jíǹde sì tì mọ́ ọn lójú, kí ni wọ́n fẹ́ ká máa pe ìyẹn? Mo ń retí èsì, kí ó ní àmì ohùn.