Lórí "àìgbàgbọ́ onísáyẹ́ǹsì": "àì" yẹn ni mo ń bá jà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ìjẹta tí ẹ̀gbọ́n wa ti gbé "àìgbàgbọ́ onísáyẹ́ǹsì" kalẹ̀ fún wa, ọkàn mi ò balẹ̀. Orúkọ Yorùbá ni àwa tí a jọ wà nínú iṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ń wá fún iṣẹ́ àwọn tí Òyìnbó ń pè ní skeptic, àwọn tó máa ń fi ọ̀nà sáyẹ́ǹsì yẹ ọ̀rọ̀ abàmì wò: ẹni tó ní òun ń bá òkú sọ̀rọ̀, ẹni tó ní òun ń fi ọwọ́ wo àìsàn láìfara kan aláìsàn, àti irú wọn gbogbo. Mo ka àlàyé ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Àgbà ni wọ́n nínú iṣẹ́ yìí, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò dára, mi ò sì lè dákẹ́ kí ó wá di ohun tí àwọn ọmọ iléèwé á máa há sórí.

"Àì" ni gbogbo ìjà mi. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣe: àìsàn, àìmọ̀, àìtó, àìlera, àìgbọràn. Ohun tí kò sí ló máa ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ti fèsì pé àìkú àti àìbẹ̀rù náà wà, pé ohun rere sì ni wọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àìkú ò sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe fún wa, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i ló sọ. Iṣẹ́ tí à ń wá orúkọ fún yìí, iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ẹni tó ń ṣe é máa ń jókòó ti ọ̀rọ̀ ni, á kà á, á wọ̀n ọ́n, á tún un ṣe lọ́nà mìíràn wò. Ta ló máa ń pe àgbẹ̀ ní aláìjókòó?

Èkejì, ọ̀rọ̀ yẹn ti ní onílé. Bí ẹ bá sọ pé "onígbàgbọ́", gbogbo ayé mọ ẹni tí ẹ ń bá wí, ẹlẹ́sìn Kristi ni. "Aláìgbàgbọ́" náà, ẹni tó wà lóde ìsìn ni. Tí ẹ bá wá fi "onísáyẹ́ǹsì" tì í lẹ́yìn, ohun tí òǹkàwé máa gbọ́ ni pé ẹnìkan ń fi sáyẹ́ǹsì bá Ọlọ́run jà. Ọ̀rọ̀ ò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi Michael Faraday, onísáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, ṣe ẹ̀rí, nítorí onígbàgbọ́ paraku ni, ó ti ṣe alàgbà nínú ìjọ tirẹ̀. Ní 1853, àṣà kan gbòde ní Ìlú Ọba: àwọn èèyàn á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e, tábìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àwọn kan ní ẹ̀mí òkú ni, àwọn kan ní iná mànàmáná ni. Faraday, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí iná mànàmáná àti òòfà, ò bú ẹnikẹ́ni. Ó to páálí pẹlẹbẹ mélòó kan léra, ó fi ohun rírọ̀ kan lẹ̀ wọ́n mọ́ra kí wọ́n lè máa yọ́ sún, ó sì gbé e sáàárín ọwọ́ àti tábìlì. Bí tábìlì bá ló ń fa ọwọ́, páálí ìsàlẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Bí ọwọ́ bá ló ń ti tábìlì, ti òkè ló yẹ kó ṣáájú. Ti òkè ló ṣáájú. Àwọn tó jókòó ò purọ́ o, wọn ò mọ̀ pé àwọn ń tì í ni. Nígbà tó wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i tó ń fi hàn wọ́n lójú ẹsẹ̀ bí ọwọ́ wọn bá ti ń yà, tábìlì ò yí mọ́. Ṣé ẹni yìí lẹ máa pè ní aláìgbàgbọ́?

Ẹ tiẹ̀ tú "gbàgbọ́" palẹ̀ ná. Gbà. Gbọ́. Méjì ni wọ́n. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń gbọ́, gbígbọ́ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń gbọ́ ju ẹni tó yára mi orí lọ. Gbígbà ni kò tíì ṣe. "Mo gbọ́, mi ò tíì gbà" jìnnà sí "mi ò gbà gbọ́". Inú "tíì" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, "àì" sì ti gbé e mì. Àbúrò wa obìnrin tó dábàá "àìtètègbàgbọ́" ti fojú kan èyí, mo sì yìn ín gidigidi, nítorí "tètè" tó fi sáàárín ń gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ "tíì". Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa ìyára nìkan. Ọ̀lẹ náà kì í tètè gbà gbọ́, kò sì ní dìde lọ wo nǹkan kan. Ní ti "iyèméjì" tí àwọn kan dábàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e sílẹ̀. Oníyèméjì ni ẹni tó dúró síkòríta tí kò mọ ibi tí yóò yà sí, ẹni tó mọ ohun tí yóò béèrè ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi ẹnu àgbà gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Ó dáa. Bàbá tó tọ́ mi dàgbà ò kàwé jìnnà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lórí òrùlé lálẹ́. Kó! Kó, kó! Á dákẹ́. Kó! Gbogbo wa gbọ́ ọ, jìnnìjìnnì bò wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan nínú ilé ti dárúkọ òkú tó ń rìn. Bàbá ò ní irọ́ ni, wọn ò sì ní òótọ́ ni. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò." Alaalẹ́ ni wọ́n ń gbé àga síta. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ń fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìlà gígùn fún alẹ́ tó bá dún, ìlà kúkurú fún alẹ́ tí kò bá dún, wọ́n sì ń bi wá bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́sàn-án. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè wá wá wo ilẹ̀kùn. Alẹ́ tó tẹ̀lé oòrùn gangan ni ìlà gígùn wà. Gbogbo alẹ́ tí òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, ìlà kúkurú ni. Páànù ló ń sún kì bí ó ti ń tutù, ibi tí ìṣó ti dì í mú ló ń ké. Bàbá kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi rí pé òun ò gbà á gbọ́. Ohun tó gbọ́, ó gbọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n lọ wò.

Ẹnìkan fi "ìròyìn ò tó àfojúbà" dá mi lóhùn lánàá, pé ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí abàmì, ìbéèrè ti tán. Òótọ́ lòwe, àmọ́ òwe náà ò sọ pé àfojúbà tó ìdí ọ̀rọ̀. Ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Hans. Olówó rẹ̀, Wilhelm von Osten, olùkọ́ ìṣirò ni. Bí wọ́n bá bi Hans pé kí ni méjì lọ́nà mẹ́ta, á fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, á dúró. Ní 1904 wọ́n kó ìgbìmọ̀ jọ lé e lórí, àwọn ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀, ẹnìkan tó ń fi ẹranko dárà fún òǹwòran náà wà níbẹ̀. Wọn ò rí ẹ̀tàn kankan. Kí ló tún kù nínú àfojúbà? Oskar Pfungst, tó ń ṣe ìwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá, ló wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè dáadáa: bí ẹni tó ń bi ẹṣin kò bá mọ ìdáhùn ńkọ́? Bí ẹṣin ò bá rí i ńkọ́? Hans ò mọ nǹkan kan mọ́. Nígbà náà ni Pfungst tẹjú mọ́ èèyàn dípò ẹṣin. Bí ẹni náà bá ti béèrè tán, á tẹrí síwájú bíńtín kí ó lè wo pátákò, Hans á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀. Bí iye bá pé, orí á gbéra sókè díẹ̀, ó kéré débi pé ẹni tó ni orí ò mọ̀, Hans á sì dúró. Ní 1907 ló tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó mọ ìdáhùn ti rojọ́ tán lọ́dún 1904, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ẹnìkejì tí Pfungst pè wá sílé ẹjọ́. Alẹ́ òjò ni ẹnìkejì tí Bàbá pè. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ yìí ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, orúkọ lásán la ń wá fún un.

"Atúṣìírí" (ẹni tó ń tú àṣírí, debunker lẹ́nu Òyìnbó) tí àwọn kan dábàá náà ò bá mi lára mu. Von Osten ní àṣírí wo? Ohun tó gbà gbọ́ tọkàntọkàn ló ń fi han ayé. Ẹni tó bá ti pe ara rẹ̀ ní atúṣìírí ti dájọ́ kí ó tó jókòó. James Randi pàápàá, onídán tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dán irú àwọn èèyàn yìí wò, tí àjọ rẹ̀ fi mílíọ̀nù kan dọ́là lélẹ̀ láti 1996 sí 2015 fún ẹni tó bá lè fi agbára abàmì hàn níbi ìdánwò tí tọ̀túntòsì fọwọ́ sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbà á, kò fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní atúṣìírí. Olùwádìí ló ń pe ara rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Láti 1848 ni àwọn ọmọbìnrin ìdílé Fox ti ń sọ pé àwọn ń gbọ́ ohùn òkú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ní New York. Ní 1888, Margaret Fox gorí pèpéle, ó fi oríkèé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dún ohùn náà létí gbogbo èèyàn. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti àwọn wọ̀nyí lọ ogójì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, ẹni tó ni àṣírí ló tú u.

Ohun tí mo fara mọ́ ni "àyẹ̀wò". Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jinlẹ̀ sí i, "àyẹ̀wò fínnífínní". Ẹni tó ń ṣe é, "olùyẹ̀wò". Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Òyìnbó ti fa tiwọn yọ gan-an, skeptesthai, kò ní "àì" kankan nínú. Wíwò ni. Yíyẹ nǹkan wò ni. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ fi ojú ṣe é, àwa fẹ́ fi àìní ṣe tiwa.

Ọ̀gá kan ní "yẹ̀" inú àyẹ̀wò, yẹ̀ tí a fi ń yẹ̀ fún òkò ni, pé ó túmọ̀ sí kéèyàn yà kúrò lọ́nà. Mi ò gbà, mo sì ti fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà. Yẹ̀ yìí ò lè dá gbé láìsí wò. Ẹ là á sí méjì kí ẹ fi ọ̀rọ̀ sáàárín: yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ rí i pé ohùn ìsàlẹ̀ ti kúrò lórí yẹ nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e, bí wò ṣe di wo nínú "wo ilé". Ẹ fi arọ́pò orúkọ dípò "ọ̀rọ̀ náà", ohùn á padà: yẹ̀ ẹ́ wò. Yẹ̀ ti òkò kì í gba àbọ̀ bẹ́ẹ̀. A kì í yẹ òkò, a máa ń yẹ̀ fún un ni.

Ọmọdé pàápàá lè ṣe àyẹ̀wò, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi fẹ́ ọ̀rọ̀ tó rọ̀ lẹ́nu. Emily Rosa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà nígbà tó dán àwọn tó ní àwọn máa ń fọwọ́ mọ agbára ara aláìsàn lókèèrè wò. Ó ní kí wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì gba inú ihò ara páálí kan tí wọn ò fi lè rí i, ó ju owó ẹyọ sókè láti mọ èyí tí yóò na ọwọ́ tirẹ̀ sún mọ́, ó sì bi wọ́n pé èwo ni. Èèyàn 21, ìgbà 280. Ìgbà 123 ni wọ́n gbà á, ẹni tó kàn ń méfò á gba nǹkan bíi 140. Ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998. Ọmọ yìí béèrè, ó sì ka ìdáhùn.

Kí n tó gbàgbé: ẹni tó kọ "ìwádí" lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ má bínú, "ìwádìí" ni. Wá ìdí ni. Bí fáwẹ̀lì "ì" bá ti lọ, ohùn rẹ̀ ò lọ, ara "dìí" ló sá sí. Ní ti bóyá "sáyẹ́ǹsì" ni ká máa pè é tàbí "ìmọ̀ ìjìnlẹ̀", a ti jà á títí, mi ò ní tún un jà lónìí, mo ṣì dúró níbi tí mo dúró sí. Ẹni tó ní ká máa pe abàmì ní "iṣẹ́ òkùnkùn" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó ti dájọ́ nìyẹn náà.

Èyí tó ń dà mí láàmú jù báyìí ni orúkọ fún ohun tí ẹni tó ní òun ní agbára abàmì ń sọ kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, "mo lè ṣe báyìí báyìí" yẹn. "Ìfọwọ́sọ̀yà" ló wá sí mi lẹ́nu. Àbúrò ní ó dún bí ìgbéraga, pé von Osten ò fọwọ́ sọ àyà fún ẹnikẹ́ni, ẹṣin rẹ̀ ló fẹ́ràn. Mo ti ń rò ó láti àárọ̀, mo sì rí i pé ó tọ̀nà. Ẹ bá mi wá òmíràn.