Ẹ má pè é ní àdínkíá: èrò tèmi lórí "stir-fry"

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ tí Bàbá Olùkọ́ ti béèrè pé kí la ó máa pe stir-fry (ẹran àti nǹkan gígé tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fi òróró díẹ̀ àti iná tó le ṣe kíákíá) ní Yorùbá ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, mi ò dá sí i. Bàbá fúnra wọn mú "àdínkíá" wá. Àbúrò wa tó wà ní Jámánì ní kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò ni, adìẹ la kàn fi sí i. Ẹnì kẹta ní ká jẹ́ kí "sitafúráì" máa lọ bẹ́ẹ̀, ká wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ǹ bá dákẹ́ náà ni, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Àsẹ́rọ̀, ní Abẹ́òkúta níbí, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá.

Mo ti gé àyà adìẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo ti gé kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà, mo ti lọ áàyù àti atalẹ̀ díẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ìkòkò kaná ni aládùúgbò mi pè mí síta. Mo bá ké sí ọmọ mi obìnrin: "Bá mi dín adìẹ àti àwọn nǹkan yẹn kí n tó dé." Ọ̀rọ̀ aládùúgbò kì í tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí n ó fi wọlé, ọmọ ti da òróró tó tó ààbọ̀ ìgò sínú ìkòkò, adìẹ ti le bí ìpékeré, kárọ́ọ̀tì ń léfòó, etí rẹ̀ ti dúdú. Inú bí mi, mo fẹ́ pariwo, ni mo bá rántí ohun tí mo sọ. Dín ni mo ní kó dín. Ó dín in.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Gbogbo wa ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì yẹ ká kọ́kọ́ wá. Orúkọ oúnjẹ, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ló nílò rẹ̀. Èmi tí mo wà nídìí iná, ọ̀rọ̀ tí mo lè fi rán ọmọ níṣẹ́ ni mo ń wá, tó jẹ́ pé bó bá ti wọ̀ ọ́ létí, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ ohun tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo "dín". Bàbá Olùkọ́ ní kò sí ohun tó kan òróró tí dín kò gbà. Ó ní ibi tí òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dé. A ń dín ata, òróró rẹ̀ kì í pọ̀, a sì máa ń rò ó kó má baà jó. A ń dín ẹyin, òróró ṣíbí kan ti tó o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé "dín" lásán, láìdárúkọ ohun tí a ó dín, àkàrà ló máa sọ sí ọmọ Yorùbá lọ́kàn, àti dòdò, dùndún, ọ̀jọ̀jọ̀, ẹran díndín: òróró rẹpẹtẹ, nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, ẹni tó ń dín in fara balẹ̀ lórí àpótí, ó ń wo ìgbà tó máa pọ́n. Stir-fry kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Òróró ṣíbí méjì, iná tó le, ọwọ́ tí kò sinmi, ìṣẹ́jú bíi mẹ́jọ, ó ti parí. Ti "kíá" tí Bàbá fi sí i lẹ́yìn, ẹ má bínú sí mi, àsìkò nìyẹn sọ, kò sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ìńdómì náà ń yá kíákíá.

Ẹ sì pè é sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Àdín ni etí kọ́kọ́ gbọ́, epo tí wọ́n ń yọ lára èkùrọ́, tí àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ lára, tí àwọn onísẹ̀ṣe sì mọ̀ pé èèwọ̀ Èṣù ni. Ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn á tún kọsẹ̀ lára àdínkù. Bí mo bá dé ọjà Kútọ̀ tí mo ní mo fẹ́ ra adìẹ tí mo máa fi ṣe àdínkíá, aládìẹ á rò pé mo fẹ́ kó dín owó kù fún mi kíá ni.

Ó wá kan àbúrò mi ní Jámánì. Mo mọ̀ pé àárò ilé ló ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀fọ́ rírò kọ́ nìyí. Ẹ̀fọ́ rírò, a ó da omi gbígbóná sí ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, a ó fún un, a ó wá tú u sínú ata tó ti dín dáadáa nínú epo pupa, tòun ti irú, pọ̀nmọ́ àti ẹja. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ kó tó lè bá láfún wọ ọ̀fun. (Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ máa jẹ àmàlà dúdú yín, ọmọ Lísàbí ò bá yín jà lónìí.) Ní ti stir-fry, bí kárọ́ọ̀tì inú rẹ̀ bá ti rọ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, a fẹ́ kó ṣì máa rún wómúwómú lẹ́nu. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohun tó ki, tí igi tàbí ṣíbí ń là kọjá, la máa ń rò. A ń ro àmàlà, a ń ro ẹ̀fọ́. Àwọn nǹkan tí mo gé yìí kò ki, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró gedegbe, ohun tí mo sì ń fi ọwọ́ mi ṣe ni pé kí ẹ̀gbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ bọ́ sókè kó tó jó.

Níbo ni mo ti mọ ọwọ́ yẹn rí? Nídìí gààrí. Ìyá tó bí ìyá mi ń yan gààrí lábúlé wa lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, èmi náà sì jókòó tì wọ́n títí èéfín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Agbada fẹ̀ lẹ́nu, inú rẹ̀ tẹ́, iná ń jó fòfò lábẹ́ rẹ̀. Èéfọ́ igbá ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á wọ́ gààrí láti etí wá sí àárín, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á tún tú u ká. Bí wọ́n bá fún mi ní èéfọ́ igbá náà tí ọwọ́ mi falẹ̀, igbe kan ṣoṣo ló wà: "Yí i! Yí i, ó ń jó!" Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní "rò ó". Yí ni. Agbada tí mo wí yìí náà ni àwọn ará Ṣáínà ní tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wok: irin ni tiwọn, inú rẹ̀ sì jìn díẹ̀, àmọ́ ẹnu tó fẹ̀ yẹn náà ni, ọwọ́ tí ń yí i náà sì ni. Agbada tí kò lámì lórí ni mo wí o, kì í ṣe agbádá tí ọkọ mi ń wọ̀ ròde.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ gbọ́ èyí náà. Ọ̀rọ̀ náà stir-fry kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún nínú Gẹ̀ẹ́sì. Chǎo ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é. Obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ dókítà, Buwei Yang Chao, ló so stir mọ́ fry nínú ìwé ìdáná tó gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1945. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀, Yuen Ren Chao, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, sì wà nínú iṣẹ́ náà. (Chao tó jẹ́ orúkọ ìdílé ọkọ rẹ̀ àti chǎo tó jẹ́ ìdáná kò bára tan: lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà, ìró tó bẹ̀rẹ̀ wọn yàtọ̀, ohùn wọn náà sì yàtọ̀, ti ohùn yìí, ọmọ Yorùbá ò ní ṣàì mọ̀ ọ́n.) Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n mú méjì tó ti wà nílé, wọ́n so wọ́n pọ̀. Ṣé àwa ò lè so tiwa ni? Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859. Ẹ wo orúkọ yẹn: ìwé, ìròyìn. Kò sí ẹni tó ń béèrè lónìí pé kí ni ìwé ìròyìn. Ẹ wá fi wé asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó dùn ún gbọ́, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n rédíò ni mo ń tàn nílé.

Nítorí náà, yí àti dín ni mo so pọ̀. Bí mo bá ń ránni níṣẹ́: "Yí adìẹ yẹn dín." Bí mo bá ń dárúkọ oúnjẹ: àyídín. Àyídín adìẹ, àyídín edé, àyídín ìrẹsì pàápàá. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí dín ṣáájú, àmọ́ "dín-yí" dà bí ẹni ń sọ pé "dín yìí", mo fi í sílẹ̀.

Mo dán an wò lọ́jọ́ Àìkú, nítorí adìẹ ṣì ṣẹ́kù nínú fírìjì. Mo ní, "Yí i dín," mo sì dákẹ́. Ọmọ wo ojú mi. Ó ní, "Òróró díẹ̀ ni, àbí?" Mo ní kí lòun náà rò. Ó da òróró ṣíbí méjì sí i, ó mú ṣíbí onígi, kò sì jókòó. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti bá a sọ̀rọ̀ ni ìgbà tó fẹ́ da adìẹ àti kábéèjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìkòkò bá ti kún jù, omi á sun jáde, ohun tí à ń yí dín á di ohun tí à ń sè. Ó yí adìẹ títí kò fi sí èyí tó pọ́n nínú mọ́, ó kó o sílẹ̀, ó yí kárọ́ọ̀tì, ó fi tàtàṣé àti kábéèjì tẹ̀ lé e, ó dá adìẹ padà, ó wọ́n soy sauce díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jẹun ọ̀sán.

Àgbébọ̀ ńkọ́? Àgbébọ̀ tí ẹ rà láàyè ní Láfẹ́nwá kò lè jinná ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ, bí ẹ tilẹ̀ gé e bí òwú. Ẹ máa kọ́kọ́ sè é ni. Adìẹ sísè tí a dín nìyẹn, èmi ò ní pè é ní àyídín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa fò dá: ẹ̀fọ́. Gbogbo yín ń kọ "adìẹ àti ẹ̀fọ́". Ewé ni ẹ̀fọ́ lẹ́nu wa: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre. Kárọ́ọ̀tì ń wà nínú ilẹ̀, tàtàṣé ń so lórí igi, ta ló ń pè wọ́n ní ẹ̀fọ́? Bí mo bá rán ọmọ lọ ra ẹ̀fọ́ ní Kútọ̀, ṣọkọ ló máa gbé bọ̀, kò sì ṣẹ̀. Àwọn kan á ní "ewébẹ̀", bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀. Ewé náà ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó ń tà wọ́n ṣe ń ṣe.

Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa béèrè àyídín lóde ìnáwó. Ìrẹsì díndín wà, fráìdì ráìsì la sì ń gbà síwo. Ẹ jẹ́ kí òde máa pè é bó ṣe wù ú. Ti ìdí iná ni mo bá yín sọ. Bàbá Olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí obìnrin kì í tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ẹ dá mi lóhùn: bí a bá gba àyídín wọlé, kí la ó pe ẹni tí ń ṣe é tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Pánṣẹ́kẹ́? Aláyìídín wúwo díẹ̀ lẹ́nu mi.