Àkàrà tí kò wú: ṣé blender ló jẹ̀bi?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àkàrà tí a fi blender lọ ẹ̀wà rẹ̀ ń rí pẹlẹbẹ, tó sì ń mu epo bí kànìnkànìn? Ife ẹ̀wà olóyin 2, ife omi 2. Ti àwọn ìyá àgbà tó ń lo ọlọ máa ń wú rọ̀bọ̀tọ̀. Ṣé ká wá ọlọ rà ni?

Ìyá Ìbejì: Omi yẹn ti pọ̀ jù, àbúrò. Lórí ọlọ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ́n omi sí i, torí òkúta ló ń tẹ ẹ̀wà fọ́. Abẹ blender ò lè tẹ nǹkan, gígé ló ń gé e. Tí kò bá rí omi, á kàn máa yí lófo ni. Ẹ̀wà tó bá rọ̀ kì í bèèrè omi púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá bó o tán, ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí 2, kẹ́ ẹ wá sẹ́ ẹ dáadáa. Ìdajì ife omi tó o. Ẹ pín in lọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ pa á, ẹ fi ṣíbí yí tòkè sísàlẹ̀, ẹ tún tàn án. Ẹ fi ìka méjì pa á wò. Tó bá ṣì ń ṣe bí iyanrìn, kò tíì kúnná.

Ìyá Alákàrà: Òótọ́ ni ti omi, àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí blender kì í báni ṣe: pípò. Láyé ọlọ, ọmọ tó ń kọ́ àkàrà kọ́ méjèèjì pọ̀ ni. Wọ́n á lọ̀ ọ́ tán, wọ́n á dà á sínú odó, wọ́n á fi ọmọ odó pò ó kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń wú nínú epo. Nígbà tí ẹ̀rọ gba lílọ̀ lọ́wọ́ wa, pípò bá a lọ, ó sì dùn mí gan-an. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 10, apá kan náà ni kí orógùn máa yí sí. Á funfun sí i, á fúyẹ́, á ga nínú abọ́. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: tó bá léfòó, ó ti dé, tó bá rì, ẹ máa pò ó lọ. Ó di ìgbà tí epo bá gbóná kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, torí wọ́n máa ń mú kó ṣomi.

Bàbá Onílọta: Ẹ̀rọ ọjà sàn ju blender lọ fún àkàrà, omi díẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ kí ata tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan ṣan ẹnu rẹ̀ dànù. Tí wọ́n bá fún irin méjì inú rẹ̀ le jù, irin á máa ha irin, ẹ̀wà á wá dà bí eérú. Ẹ má gbà á.

Àǹtí Salvador: Ní Bahia níbí, ní Bràsíl, acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà. Òkúta ni wọ́n fi ń lọ ẹ̀wà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ló kù báyìí, ṣùgbọ́n ṣíbí onígi gbọ̀ngbọ̀n ò kúrò lọ́wọ́ àwọn baiana, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń tà á. Ojú títì ni wọ́n ti ń pò ó. Lọ́dún 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ wọn mọ́ ogún orílẹ̀-èdè náà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kéèkì lè pò ó?

Ìyá Alákàrà: Ó lè pò ó, kò ní pẹ́ tó ti ọwọ́, omi inú ife náà ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ pò ó lẹ́ẹ̀mélòó kan, kó mọ bó ṣe ń fúyẹ́ lábẹ́ orógùn. Tí NEPA bá mú iná lọ, á lè parí rẹ̀.