Ṣé onígbáméjì ayé ìyá àgbà náà ló ṣì wà?

Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ìyá àgbà wa ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, kì í mu omi kànga láìsè é; ìkòkò wọn kì í kúrò lórí ààrò. Onígbáméjì ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Mo wá kà pé ẹ̀yà Vibrio cholerae, kòkòrò tó ń fa onígbáméjì, lé ní 200, àmọ́ O1 àti O139 nìkan ló tíì dá àjàkálẹ̀ ńlá sílẹ̀. El Tor, tí í ṣe ọmọ O1, bẹ̀rẹ̀ ìrìn tirẹ̀ ní Indonéṣíà ní 1961, ó dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1970.

Ibi tó rú mi lójú gan-an nìyí: wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ló gbé jíìnì oró, ìyẹn ìtọ́ni tí kòkòrò fi ń ṣe oró, wọ inú kòkòrò náà. Fáírọ́ọ̀sì kẹ̀! Ṣé kòkòrò inú odò tí kò léwu lè ti ibẹ̀ di apani?