Báwo la ṣe lè mọ̀ dájú pé wọ́n ba háàdì dísìkì wa jẹ́ lóòótọ́?

akin_ibadan:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, apá IT. A fẹ́ kó àwọn kọ̀ǹpútà tó ti gbó kúrò nílẹ̀, désíkítọ́ọ̀pù ló pọ̀ jù, láptọ́ọ̀pù náà wà níbẹ̀, sáfà méjì (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà fún àwọn yòókù), pẹ̀lú ẹ̀rọ fótókópì ńlá kan tí wọ́n ń lò ní ríkọ́ọ̀dù. Orúkọ aláìsàn, èsì àyẹ̀wò, nọ́ńbà fóònù, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú wọn. Fẹ́ńdọ̀ kan wá, ó ní òun á kó gbogbo ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun á nu dátà inú ẹ̀, òun á sì fún wa ní sátífíkéètì, ọ̀gá wa ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Ìyá ọ̀dítọ̀ wa ló ní rárá, wọ́n ní ta ló máa jẹ́rìí sí i yàtọ̀ sí ẹni tó ṣe é? Mi ò sùn dáadáa látìgbà yẹn, torí èsì àyẹ̀wò èèyàn tó bá ti jáde síta, kò sẹ́ni tó lè bá a gbà á padà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni àwa fúnra wa, tàbí ẹlòmíì tí fẹ́ńdọ̀ ò sanwó fún, ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò?

egbon_lewisham:
Àbúrò, ọ̀fẹ́ tó pè é yẹn ni kó o kọ́kọ́ bi í, kí ló fẹ́ jẹ níbẹ̀? NHS Surrey, àjọ ìlera ìjọba níbí ní UK, gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní òun á ba háàdì wọn jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá ti lè gbà kí òun ta èyí tó bá ṣeé tà lára ẹrù tó kù. Ẹnì kan lọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bó ṣe bá ríkọ́ọ̀dù aláìsàn bí 3,000 nínú ẹ̀. ICO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà ní UK, bu ìtanràn £200,000 lé wọn ní 2013. NHS Surrey ni wọ́n bu ú lé o, kì í ṣe ẹni tó kó ẹrù.

Ti ọsibítù Brighton níbí náà tún burú jùyẹn lọ. Háàdì bí 1,000 ni ọsibítù ní kí wọ́n bà jẹ́, inú ọgbà ọsibítù níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti wáyé, òṣìṣẹ́ wọn sì sábà máa ń dúró ti ẹni tó ń ṣe é, síbẹ̀ ó rí èyí tó ju 200 kó jáde, ni háàdì bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á. £325,000 ni ìtanràn tí ICO bù lé ọsibítù náà ní 2012. Mo sọ èyí torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa tó sọ níbí pé kẹ́ ẹ rán èèyàn lọ dúró tì wọ́n. Ẹni tó dúró tí ò ka ohun tó wọlé àtohun tó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdúró lásán ló dúró.

abeni_audit:
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, kíkà yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún. Sátífíkéètì tí mo sábà máa ń rí, síríà nọ́ńbà kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tò sí i, ti háàdì ò ní sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ háàdì ni dátà wà, ẹnikẹ́ni sì lè tú u lójú ọ̀nà kó fi òmíì sí i.

Bọ̀dá Akin, ẹ tú gbogbo háàdì jáde nílé yín kí fẹ́ńdọ̀ tó dé, ẹ kọ síríà nọ́ńbà tó wà lára wọn sílẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí kálukú ti jáde, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹni méjì láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fọwọ́ sí i, kí ìwé yẹn wà lọ́wọ́ ìyá ọ̀dítọ̀. Fẹ́ńdọ̀ ò gbọ́dọ̀ rí i o! Ẹ jẹ́ kó kọ tiẹ̀ wá, kẹ́ ẹ wá gbé méjèèjì síra. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fún un ní tiyín, ṣe ló máa dà á kọ tá á fi gbé e padà fún yín, kí lẹ wá yẹ̀ wò?

Ẹ nu wọ́n fúnra yín kí wọ́n tó kúrò nílé, nwipe, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń nu háàdì, ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Kí ẹlòmíì tí kò bá wọn nù ún wá ṣa díẹ̀ lára wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, kó fi nǹkan míì yẹ̀ ẹ́ wò, ètò kan tó ń jẹ́ PhotoRec máa ń wú fáìlì tó bá ṣẹ́kù jáde. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ, náà kọ ọ́ sínú ìlànà wọn, SP 800-88, pé ẹni tó nu dátà kọ́ ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. SSD, irú háàdì tó ń lo ṣíìpù, yàtọ̀ ṣá, torí ó máa ń fi dátà pa mọ́ sáwọn ibì kan tí nwipe ò lè dé, àṣẹ ìnùdátà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sínú ẹ̀ lẹ máa lò.

Ọ̀gá yín náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin dátà wa ti 2023 ò ní gba "fẹ́ńdọ̀ ló ṣe é". Bí dátà bá jáde tó lè kó bá àwọn tó ni ín, wákàtí 72 péré lẹ ní láti fi tó NDPC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà ní Nàìjíríà, létí.

kunle_ikeja:
Ẹ ń da ara yín láàmú jù jàre, ẹ gbé òòlù kẹ́ ẹ fọ́ ọ! Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, mi ò tíì rí ẹni tó rí fáìlì mú jáde lára háàdì tí àwo inú ẹ̀ ti rún. Ohun tí mo bá yín fara mọ́ ni pé háàdì máa ń rìn jìnnà. Basel Action Network (BAN), ẹgbẹ́ kan tó ń tọpa ibi tí wọ́n ń kó àlòkù ẹ̀rọ lọ, wá ra háàdì tokunbo l'Ékòó ńbí fún ìwádìí wọn ní 2005, dátà àwọn tó ni ín lókè òkun ṣì wà nínú ẹ̀. Bóyá àwọn yẹn náà gbà pé ẹnì kan ti nù ún.

abeni_audit:
Bọ̀dá Kúnlé, àwo tó bá rún ti rún lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n SSD ò ní àwo, ṣíìpù kéékèèké ló ní, òòlù lè fọ́ pátákó ẹ̀ kí ṣíìpù kan ṣì wà lódindi pẹ̀lú dátà nínú ẹ̀. Ibo la sì fẹ́ kó àfọ́kù ẹ̀ sí? Àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù kiri ló máa kó o, wọ́n á lọ dáná sun wáyà nítorí kọ́pà, èéfín ẹ̀ á máa wọ ọmọ ọlọ́mọ nímú. Ẹ gbé e fún ẹni tí NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, fún níwèé àṣẹ, kẹ́ ẹ sì pe NESREA fúnra yín láti bi wọ́n, ẹ má wo fótókópì ìwé àṣẹ tí fẹ́ńdọ̀ mú wá.

tunji_houston:
Ẹ lè ṣe nǹkan kan sí i o. BAN kan náà tí bọ̀dá Kúnlé dárúkọ fi GPS tó ń sọ ibi tí ẹrù wà pa mọ́ sínú ẹ̀rọ bí 200 níbí ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó wọn fún àwọn tó ní àwọn ń tún un lò, ni àwọn kan lára ẹrù bá gba òkun kọjá, Hong Kong ni púpọ̀ nínú àwọn yẹn balẹ̀ sí. Ọ̀kan lára ilé iṣẹ́ tí àṣírí wọn tú wà ní Seattle, kóòtù rán ọ̀gá méjèèjì tó ni ín lẹ́wọ̀n oṣù 28 ní 2019. Ẹ fi irú GPS bẹ́ẹ̀ kan sínú kọ̀ǹpútà tí ẹ ti yọ háàdì ẹ̀, kí ìyá ọ̀dítọ̀ nìkan mọ èyí tó wà nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ lè yẹ ẹrù wò nígbàkígbà, níbikíbi tó bá wà.

akin_ibadan:
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí han ìyá ọ̀dítọ̀, wọ́n ní ìwé síríà nọ́ńbà yẹn máa wà nínú dúrọ́ọ̀ àwọn, a máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú háàdì ní Mọ́ńdè. Fótókópì yẹn ńkọ́ o, ṣé ó kàn án?

egbon_lewisham:
Ó kàn án dáadáa, àbúrò. Èyí tó bá tóbi báyẹn sábà máa ń ní háàdì nínú, gbogbo ìwé tí wọ́n bá dà kọ lè wà níbẹ̀. Affinity Health Plan ní New York dá fótókópì tí wọ́n háyà padà láìnu háàdì ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè kan èèyàn tó tó 344,579, owó tí wọ́n san fún ìjọba ní 2013 sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀yin lẹ ni ín tàbí ẹ háyà ẹ̀ ni, torí bó bá jẹ́ háyà, ẹ ní láti bá ẹni tó ni ín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan háàdì inú ẹ̀.