Ọ̀rẹ́ mi sọ mí di onígbèsè, wọ́n ní kí n fi ìfẹ́ Kristi san án

Akọrin Áltò: Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àná. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́ ìránṣọ ní Mọ́kọ́lá, ọjọ́ kan náà la ṣe fúríìdọ̀mù. Aṣọ tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó mi, èmi ni mo rà á fún un. Nígbà ìkómọ rẹ̀, èmi ni mo dúró ti ìkòkò títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó bu ìrẹsì kúlà kan fún àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló kù fún mi. Mi ò sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní kí n ṣe onídùúró fún òun nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Mo fọwọ́ sí i. Ó san oṣù mẹ́rin, ó dákẹ́. Wọ́n ti ń yọ ọ́ nínú owó tèmi tó wà lọ́wọ́ wọn. Mo gbé e lọ bá pásítọ̀, wọ́n ka Jòhánù 15:13 fún mi, pé ẹni tó ní kéèyàn fi ẹ̀mí lélẹ̀ fún ọ̀rẹ́, mélòó wá ni owó. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn? Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo rí ẹnì kan tó jọ ọ́ ní ibùdókọ̀, aṣọ tuntun ló wọ̀. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Sístà, ẹ sọ ti ìrẹsì, ẹ sọ ti aṣọ. Èló lowó náà?

Bàbá Ìjókòó Ẹ̀yìn: Òwe 17:18 ní ẹni tí òye kù fún ló ń ṣe onídùúró níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ ti fọwọ́ sí i, ẹ san án.

Ìyá Dámi: Èmi náà ti jẹ níbẹ̀ o! Gbọ́múlélántà ni tèmi. Aago márùn-ún ìdájí làwọn agbowó ti máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ̀yìnkùlé lọkọ mi ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Mo san án tán, ọ̀rẹ́ mi tún ní kí n wá dúró lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo ojú!

Akọrin Áltò: ₦450,000 ló yá, ó ku ₦310,000. Ọkọ mi ò tíì gbọ́. Ẹ má sì fa tọkọ mi wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni mo gbé wá.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi: Bàbá, ẹ yéé fi Òwe na èèyàn. Pọ́ọ̀lù náà ṣe onídùúró. Nígbà tó ń dá Ónẹ́símù padà sọ́dọ̀ Fílémónì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ pé òun á san gbèsè tó bá jẹ. Jónátánì, ọmọ ọba, bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ fún Dáfídì, títí dórí idà, ọrun àti àmùrè.

Bàbá Ìjókòó Ẹ̀yìn: Pọ́ọ̀lù ò ní owó ilé-ìwé ọmọ láti san. Jónátánì sì mọ ohun tó ń yọ̀ǹda. Èyí tí wọ́n fi tipá yọ lápò èèyàn, ṣé ìyẹn náà lẹ̀ ń pè ní ìfẹ́?

Ìyá Dámi: Títí dòní, ẹni tèmi ò kí mi mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ ti lọ bá a nílé? Òwe 6 tí a máa ń kà láàbọ̀, ó ní tóo bá ti ṣe onídùúró, dìde, rẹ ara rẹ sílẹ̀, lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ, kí oorun má tíì kùn ọ́.

Akọrin Áltò: Mo pè é, kò lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé rẹ̀? Èmi ni wọ́n jẹ lówó!

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kí ló fẹ́ fowó náà ṣe?

Akọrin Áltò: Ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá. Ó ní méjì tẹ́lẹ̀, ó tà wọ́n. Kẹ́nikẹ́ni tó dá mi lẹ́jọ́, mi ò ní kó tà wọ́n o. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi, wọ́n ní àfi ká kọ́kọ́ sanwó, ọkọ mi wà ní Kánò. Òun ló lọ ta ẹ̀rọ méjèèjì. Kò bi mí léèrè owó náà rí. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́fà, a ò sì kọ ìwé.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Háà! Sístà, ẹ wá ń ka ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì?

Bàbá Ìjókòó Ẹ̀yìn: Ọmọ náà ńkọ́?

Akọrin Áltò: Ó wà ní kíláàsì kìíní, sà.

Bàbá Ìjókòó Ẹ̀yìn: Ẹ sọ fún ọkọ yín kí ẹgbẹ́ tó sọ fún un. Kí ẹ sì bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù kù.

Ìyá Dámi: Ẹni tèmi ò ta nǹkan kan nítorí mi o, ẹ má pa wá pọ̀.

Akọrin Áltò: Àpẹ̀tẹ̀ nilé rẹ̀. Ọkọ̀ ibẹ̀ ti wọ́n lálẹ́ yìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó máa ń pọ̀ láàárọ̀.