Bo Jackson àti eré mẹ́ta tó ṣe ní Auburn

Ẹ̀yin ará, lórí ọ̀rọ̀ bóyá kí ọmọ mú eré ìdárayá kan ṣoṣo tàbí kó máa ṣe ju ẹyọ kan lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Birmingham ní Alabama là ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin wà ní háì skúùlù, ó ń gbá fútùbọ́ọ̀lù wọn tí wọ́n máa ń fọwọ́ gbé sá yẹn, ó ń gbá béésìbọ́ọ̀lù, ó tún ń sáré. Kóòṣì ní kó mú ẹyọ kan, dádì ẹ̀ náà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

Bàbá aláwọ̀dúdú kan tó ń gbé níwájú ilé wa ló yí mi lérò padà. Bàbá yìí wà ní Legion Field, pápá ìṣeré kan ní Birmingham níbí, lọ́dún 1982 tí yunifásítì Auburn na yunifásítì Alabama 23 sí 22 nínú fútùbọ́ọ̀lù yẹn, lẹ́yìn tí Alabama ti ń nà wọ́n fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, Bo Jackson tó ń gbá a fún Auburn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni o. Bàbá ní àwọn géńdé Alabama ti to ara wọn bí ògiri, kò ju nǹkan bí yáàdì kan tó kù kí Auburn dé ìlà tí wọ́n ti ń gba àmì, Bo ò tiẹ̀ wá àyè láàárín wọn, ńṣe ló fò gba orí wọn kọjá. Bàbá fi ọ̀pá ẹ̀ ti ara ẹ̀ dìde lórí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi hàn mí, pẹ̀lú gbogbo orúnkún tó ń dùn ún.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ìyá Bo. Bessemer tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ló ti bí ọmọ mẹ́wàá, Bo ni ìkẹjọ. Yankees, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù New York, ti mú un lọ́dún 1982 yẹn kó lọ máa gbá béésìbọ́ọ̀lù gbowó, ó ní rárá, òun ti ṣèlérí fún ìyá òun pé òun máa lọ sí yunifásítì. Ó sì débẹ̀ tán kò mú ẹyọ kan! Ó ń sáré fún wọn, ní béésìbọ́ọ̀lù lọ́dún 1985, ìpíndọ́gba bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa jẹ́ .401, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú mẹ́wàá, ó sì gbá home run 17, ìyẹn èyí tí ẹni tó gbá a máa ń sá yípo dé ilé, nígbà tí fútùbọ́ọ̀lù dé lọ́dún yẹn kan náà ó sá 1,786 yáàdì, ó gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mọ fútùbọ́ọ̀lù yunifásítì gbá jù lọ́dún.

Ibi tó ń dùn mí ni 1986. Àwọn Tampa Bay, ẹgbẹ́ tó ń gbá fútùbọ́ọ̀lù gbowó, fi ọkọ̀ òfurufú gbé e wá kí wọn, ó ní wọ́n fi òun lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí wàhálà, àṣé ó lòdì sófin eré yunifásítì, bó ṣe di pé kò lè gbá béésìbọ́ọ̀lù yunifásítì mọ́ nìyẹn, láàárín sísìn! Tampa Bay wá mú un ní nọ́ńbà wáànù nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ fútùbọ́ọ̀lù ń yan àwọn tó ń jáde ní yunifásítì, ó kọ̀ jálẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Kansas City Royals lọ gbá béésìbọ́ọ̀lù gbowó. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, wọ́n já ohun tó fẹ́ràn gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ mi ò fi ìkankan sílẹ̀ o, dádì ẹ̀ ti gbà. Ohun tí mo kìlọ̀ fún un ni pé kó má gba ẹ̀bùn kankan, kódà bó jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ fi mọ́tò gbé e, láìkọ́kọ́ bi skúùlù. Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń ṣe ju eré kan lọ, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni wọ́n ń ráyè kàwé?